Ẹ̀kọ kí aṣọ tó wọ aró: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ voice note wa lórí àjẹsára HPV ní Òṣogbo

Bí mo ṣe dá kún un

Èmi fúnra mi wà lára àwọn tó tan irọ́ ká lórí àjẹsára HPV, abẹ́rẹ́ tó ń dènà kòkòrò àìfojúrí tó ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé olùkọ́ ni mo fẹ́ ṣe. Fóònù ni mò ń tún ṣe nítòsí Old Garage ní Òṣogbo. Mò ń pààrọ̀ ojú fóònù tó fọ́, mò ń kó orin sí mẹ́mòrì káàdì, mo sì ń ta ṣájà.

Ní October 2023, voice note kan bọ́ sí gúrúùpù ẹbí wa. Obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán. Ó ní kí òbí kankan má ṣe jẹ́ kí wọ́n gún ọmọbìnrin rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ tuntun tí wọ́n ń gbé bọ̀ nílé ìwé, pé ilé-ọmọ wọn ni wọ́n fẹ́ dí pa. Kò dárúkọ ara rẹ̀, kò sọ ibi tó ti gbọ́ ọ. Ọfà méjì tí WhatsApp máa ń fi sára ọ̀rọ̀ tó ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn wà lórí rẹ̀ gbàgàdà. Láti April 2020, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣeé fi ránṣẹ́ síbi tó ju ẹyọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà; wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí irọ́ má baà máa sáré. Kò dá mi dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ̀ ẹ́, gúrúùpù mẹ́ta ló dé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kan nínú ìlú yìí. Wọ́n pè mí lálẹ́ ọjọ́ kejì, wọn ò dúró gba ìkíni mi.

"Ṣé ìwọ lo gbé ìranù yẹn sí gúrúùpù àwọn ará Òkè-Bàálẹ̀?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé..."

"Kí lo rò? Ṣé o bi mí?"

N kò bi wọ́n. Nọ́ọ̀sì wà nílé wa, n kò bi í. Ẹni tí n kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, mo gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní 24 October, Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ 15 àti Abuja tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé, fún àwọn ọmọbìnrin láti ọmọ ọdún 9 sí 14. Ẹ̀gbọ́n mi ròyìn fún mi pé ìyá kan fa ọmọ rẹ̀ jáde lórí ìlà, ó wá gbé fóònù sí àwọn létí pé kí àwọn náà gbọ́. Ohùn tí mo tari ni. Wọ́n dúró gbọ́ ọ dé òpin pẹ̀lú òwú lọ́wọ́, ọmọ yẹn ń wo ojú ìyá rẹ̀, ó tún ń wo ojú nọ́ọ̀sì. Nígbà tó parí, ìyá náà mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ojú ọ̀nà tí irọ́ gbà wọlé ni kí á gbà lé e. Àwọn á mú ohun tí ìwádìí sọ wá, èmi á wá bí yóò ṣe dé etí èèyàn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìwọ tó o kọ́kọ́ bà á jẹ́." Mo ní ẹni tó mọ bí nǹkan ṣe bàjẹ́ ló máa ń mọ̀ ọ́n tún ṣe, ohun tí mo fi ń jẹun ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn.

Ẹ̀dà àkọ́kọ́, tí kò ṣiṣẹ́

Ohun tí mo ní nílẹ̀: láptọ́ọ̀pù àlòkù kan, Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, tí wọn kì í sanwó fún, àti máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ àyà aṣọ. Ṣọ́ọ̀bù ò ṣeé gba ohùn sílẹ̀, nítorí jẹnẹrétọ̀ ẹni tó ń lọ ata lápá ọ̀tún àti kẹ̀kẹ́ Màrúwà níwájú. Yàrá Màmá wa la lọ. Ògiri ibẹ̀ ń dá ohùn padà, ni mo bá ta okùn, mo fi ògbólógbòó àdìrẹ Màmá kọ́ sí i yí ká bí ìgbà tí èèyàn ń sá aṣọ. Ìró náà rọlẹ̀ wẹ́rẹ́. Ẹ má ra fóòmù tí wọ́n ń polówó o. Aṣọ tó nípọn tó nǹkan.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ̀rọ̀ wọn sínú ìwé, wọ́n kà á. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo yọ ariwo kúrò, mo gé ibi tí wọ́n ti wúkọ́, mo fún un kéré sí mono (ohùn ọ̀nà kan) ní 32 kbps, kó má baà jẹ dátà. Ìṣẹ́jú kan ní ìwọ̀n yẹn kì í ju 240 KB lọ, ìṣẹ́jú mẹ́rin kò wá tó MB kan. Inú mi dùn sí ara mi. Mo tò ó sí broadcast list, ibi tí èèyàn ti lè fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí nọ́ńbà 256 lẹ́ẹ̀kan, mo kó gbogbo oníbàárà mi sí i.

Ọjọ́ méjì kọjá. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni kò rí i rárá. Mo wádìí títí mo fi mọ ìdí: ẹni tí kò bá tọ́jú nọ́ńbà rẹ sínú fóònù rẹ̀, broadcast rẹ ò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn oníbàárà mi mọ̀ mí, wọ́n mọ ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ń pè mí ní Bọ́ọ̀dá Fóònù, ṣùgbọ́n nọ́ńbà mi ò sí lọ́dọ̀ wọn. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá wá gba fóònù tí mo tún ṣe, mo máa ń bi í pé, "Ṣé kí n tọ́jú nọ́ńbà mi síbẹ̀ fún yín?" Díẹ̀ ló ń kọ̀.

Àbùkù kejì ló dùn mí jù. Àwọn tó rí i pàápàá ò gbọ́ ọ. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ìgbọ̀nà fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀: fáìlì mi jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àmì ọfà tó ń tọ́ka sísàlẹ̀, kò tíì wọlé. Ó ti pa dáwùnlóòdù aládàáṣe nítorí dátà, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n ohùn tí èèyàn bá di máìkì WhatsApp mú sọ, tààrà ló ń wọlé. Ètò ìdíwọ́ dátà yẹn kò kàn án. Gbogbo àtúnṣe tí mo ṣe lórí Audacity ló sọ ohùn ẹ̀gbọ́n mi di fáìlì tí kò sẹ́ni tó ṣí i. Ohùn irọ́ yẹn, ẹni tó sọ ọ́ kàn di máìkì mú ni, ó sọ̀rọ̀.

Bí mo ṣe pa Audacity tì nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní láti mọ ọ̀rọ̀ wọn lórí, kí wọ́n di máìkì mú, kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, láàárín ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀. Àkùkọ a kọ láàárín rẹ̀, ọmọ a pe ìyá rẹ̀ níta. Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oníbàárà kan tiẹ̀ sọ fún mi pé àkùkọ yẹn ló jẹ́ kí òun mọ̀ pé èèyàn gidi ni.

Status náà, a dán an wò: fídíò kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá 30 nígbà yẹn, wákàtí 24 ó sì ti pòórá. Ó dára fún ìránnilétí, kò gba àlàyé. Channel, ojú ìwé ìkéde ti WhatsApp, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Nàìjíríà ní September ọdún yẹn, àwọn kan rọ̀ mí kí n lò ó. Alábòójútó nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àwọn yòókù kàn lè fi ojú ẹ̀rín tàbí ojú ẹkún sí i. N kò lò ó. Facebook, mo ń gbé àwòrán kan síbẹ̀ lọ́sẹ̀, kò ju ìyẹn lọ.

Màmá àti 87

Níbí ni iṣẹ́ ti dé ojú rẹ̀, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ìlànà tí a fi ń yẹ ọ̀rọ̀ wò kò ju èyí lọ: ẹ̀gbọ́n mi á ka ìwádìí, wọ́n á ṣàlàyé fún mi, èmi á sọ ọ́ padà lédè Yorùbá. Tí mo bá sọ ọ́ láìṣì í, a ó gbé e lọ síwájú Màmá. Tí Màmá bá lè sọ ọ́ fún aládùúgbò wọn, nígbà náà la ó gba ohùn sílẹ̀.

Ìwádìí tí ẹ̀gbọ́n mi gbé ka iwájú ni èyí tí The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, tẹ̀ jáde ní November 2021. England ti ń gún àwọn ọmọbìnrin ní àjẹsára HPV láti 2008. Àwọn olùwádìí wo àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n gún, wọ́n fi wé ti àwọn tó dàgbà kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín àwọn tí ètò náà bá ní ọmọ ọdún 12 sí 13, jẹjẹrẹ náà fi ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Láàárín àwọn tó bá ní 14 sí 16, ó fi 62 dín kù. Láàárín àwọn tó bá ní 16 sí 18, 34 péré. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí n fo èyí: àjẹsára tí wọ́n lò níbẹ̀ nígbà náà kọ́ gan-an ni tiwa, ṣùgbọ́n HPV oríṣi 16 àti 18, tó ń fa nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ yìí, ni àwọn méjèèjì dojú kọ.

Ẹ wá gbìyànjú láti fi ìyẹn sínú voice note. Mo ní, "Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún." Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, bi mí pé èló nìyẹn. Mo ní, "Eighty-seven." Màmá bi mí pé kí ni mo sọ. Ilé kan náà, ìran mẹ́ta, nọ́ńbà kan náà kò dé etí wọn bákan náà. Èyí tó tún le ni ti ọjọ́ orí. Kí ló dé tí abẹ́rẹ́ kan náà fi ṣiṣẹ́ tó báyìí lára ọmọ ọdún 12, tí kò sì ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lára ọmọ ọdún 17? Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣàlàyé: ìbálòpọ̀ ni HPV ń gbà ran èèyàn, ó wọ́pọ̀ débi pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ní ìbálòpọ̀ ló ń pàdé rẹ̀, àjẹsára sì ń ṣe ìdènà, kò lè lé èyí tó ti wọlé jáde. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ṣì ń mi orí bí aláǹgbá.

Aró ni Màmá fi tọ́ wa, àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Wọn kò ṣe é mọ́, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n èékánná wọn ṣì dúdú díẹ̀ nídìí. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ, a rò pé wọn ò fetí sí wa.

"Ẹ dúró ná," wọ́n ní. "Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé ẹ̀kọ ni abẹ́rẹ́ yẹn?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ̀kọ wo, Màmá?"

"Ẹ̀kọ láfún. Tí mo bá fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ funfun, tí mo jẹ́ kó gbẹ, tí mo wá rì í sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ bá wà ò ní mu aró. Tí aṣọ bá ti wọ aró kí n tó rántí ẹ̀kọ ńkọ́?"

Mo ní, "Ó ti bọ́ nìyẹn."

"Ó ti bọ́. Kí n fi ẹ̀kọ ìkòkò kan rẹ́ ẹ, èyí tó ti mu, ó ti mu ún. Àfi tó bá jẹ́ pé etí rẹ̀ nìkan ló kàn án, ẹ̀kọ ṣì lè gba ibi tó kù sílẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé bírò sílẹ̀. 87, 62, 34 wà nínú gbólóhùn mẹ́ta, láìsí nọ́ńbà kankan. Aṣọ funfun, aṣọ tí aró ti kàn létí, aṣọ tó ti wọ ìkòkò tó pọ̀.

Nọ́ọ̀sì kì í jẹ́ kí àfiwé lọ láìfà á wò. Wọ́n ní ibì kan wà tí aṣọ àti ara èèyàn ti yàtọ̀: èyí tó pọ̀ jù nínú HPV tó wọ ara, ara fúnra rẹ̀ ń lé e lọ láàárín ọdún méjì, èyí tó bá kọ̀ tí kò lọ ló ń di jẹjẹrẹ, ó sì lè gbà tó ọdún 15 sí 20. Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ̀rọ̀ aró kó wá rò pé òun ti kú tán. Màmá ní, "Ara èèyàn sàn ju aṣọ lọ nìyẹn, ẹ fi kún un." A fi kún un.

Voice note kẹrin nìyẹn. Màmá ló ṣí i: "Èmi ìyá aláró ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀." Wọ́n sọ ti ẹ̀kọ, ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù lọ́wọ́ wọn, wọ́n sọ ti England àti ti ọjọ́ orí, wọ́n sì sọ ilé ìwòsàn tí àwọn wà. Ìṣẹ́jú-àáyá 71. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí oníbàárà kan láti Ìlobùú fi gbé fóònù rẹ̀ sí mi létí ní ṣọ́ọ̀bù pé kí n gbọ́ bí ìyá àgbà kan ṣe ń ṣàlàyé abẹ́rẹ́. Ọfà méjì ti wà lórí rẹ̀. N kò sọ fún un pé ìyá mi ni.

Mẹ́mòrì káàdì

Àwọn kan wà tí fóònù wọn ò ní WhatsApp, tàbí tó ní in tí kì í ní dátà. Fújì àti wáásí ni wọ́n ń wá kó lọ́dọ̀ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n bóyá kí n fi ohùn Màmá sí i. Mo sọ fáìlì náà ní 01 kó lè máa kọ́kọ́ kọrin nínú fódà. Bàbá kan padà wá bá mi jà pé gbogbo ìgbà tí òun bá tan rédíò kẹ̀kẹ́ òun, ìyá aláró ló ń sọ̀rọ̀ kí fújì òun tó bẹ̀rẹ̀, àwọn èrò sì ń bi òun léèrè. Mo bẹ̀ ẹ́, mo yí i sí 09. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gé ohùn wa

Voice note kẹfà ló kó wa sí wàhálà, ẹ̀bi wa sì ni. A fi irọ́ náà ṣíde: ẹ̀gbọ́n mi ní, "Wọ́n ní abẹ́rẹ́ yìí ń dí ilé-ọmọ," wọ́n sinmi díẹ̀ kó lè dùn, kí wọ́n tó wá máa já a. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ pé, "nínú mẹ́wàá, ó lé ní mẹ́jọ," wọ́n ń tọ́ka sí 87 yẹn.

Ẹnìkan gbé fóònù kejì sí i, ó gba ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan. Ó padà wá bá wa láti gúrúùpù àwọn òbí ilé ìwé kan pẹ̀lú àkọlé: "Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́." Ìyá mìíràn pe ẹ̀gbọ́n mi pé ṣé lóòótọ́ ni pé nínú ọmọ mẹ́wàá, mẹ́jọ ni jẹjẹrẹ máa mú. Ẹ̀gbọ́n mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ bi wọ́n ní ìbéèrè tó gùn, n kò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.

Bí mo ṣe tún un ṣe: láti ìgbà náà, òótọ́ ló ń ṣáájú, a kì í fi ẹnu wa pe irọ́ náà níbẹ̀rẹ̀. Kí a tó fi ohùn kankan síta, mo máa ń gbọ́ ọ ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá, bí ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n lè ti gé e. Ibi tí mo bá ti rí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tó lè pani lára tó bá dá dúró, a tún un sọ. Nọ́ńbà náà sì ti yí padà: "Ká ní obìnrin mẹ́wàá ni jẹjẹrẹ yìí ì bá mú, ó lé ní mẹ́jọ nínú wọn tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí wọ́n tètè gbà á." Ó gùn, ṣùgbọ́n ibi yòówù kí wọ́n ti gé e, kò ní sọ òdìkejì. Orúkọ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi àti oṣù tí a gbà á sílẹ̀ ń wà níbẹ̀rẹ̀, ó tún ń wà lópin.

Èyí tí wọ́n gé yẹn ṣì ń rìn. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i.

Gúrúùpù ìbéèrè

Mo dá gúrúùpù kan sílẹ̀ fún ìbéèrè nìkan. Aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án alẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń dáhùn, tí wọn ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó kù, mo máa ń tì í kí ẹnikẹ́ni má baà kọ "Good morning" olódòdó síbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ pé ìbéèrè wọn ju ọ̀rọ̀ wa lọ.

Alhaja kan bèèrè pé: "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gún tiwa. Ọmọ àbúrò mi tó wà ní London, ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ṣé àjẹkù ni wọ́n kó wá fún wa ni?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi lọ wá ìdáhùn wá. Ní Kenya, wọ́n ṣe ìwádìí pẹ̀lú àwọn obìnrin 2,275, ọmọ ọdún 15 sí 20; èsì rẹ̀ jáde ní 2022. Lẹ́yìn oṣù 18, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo dènà HPV 16 àti 18 ní ìdá 97.5 nínú ọgọ́rùn-ún. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, náà gbà ní 2022 pé ẹ̀ẹ̀kan tó. England sì ti bọ́ sí ẹ̀ẹ̀kan ní September 2023, oṣù kan kí tiwa tó bẹ̀rẹ̀. Alhaja gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ará Kenya ni wọ́n fi dán an wò? Aláwọ̀ dúdú bíi tiwa? Ó dáa." Mo ti rò pé ti England ló máa tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kenya ni.

Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ lókè ọya rí bèèrè ti Kano. Ó ní ní 1996, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn yírùnyírùn, ilé iṣẹ́ oògùn kan láti Amẹ́ríkà dán oògùn wò lára àwọn ọmọ, kí ló wá dé tí a fi ní kí àwọn gbà? Mo fẹ́ pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má dán an wò. Wọ́n dáhùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé òótọ́ ni: bí ọmọ 200 ló wà nínú rẹ̀, 11 kú, àwọn òbí sì sọ pé kò sẹ́ni tó là á yé àwọn pé ìdánwò ni. Wọ́n ní ọgbẹ́ yẹn wà lára ohun tó mú kí Kano kọ àjẹsára rọpárọsẹ̀ ní 2003. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ìyàtọ̀ rẹ̀: ọdún 2006 ni wọ́n ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí àjẹsára HPV, Australia ti ń gún àwọn ọmọ ilé ìwé láti 2007, àwọn ọmọ yẹn sì ti ń tọ́ ọmọ tiwọn báyìí. Bàbá náà kọ̀wé pé, "Ẹ ṣé tí ẹ ò parọ́." Kò sọ bóyá ó máa mú ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ.

Lórí ti àìrọ́mọbí, ohun tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ kò pọ̀. Apá lè dunni, ọmọ lè dákú díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kó jókòó fún ìṣẹ́jú 15. WHO ti yẹ ti àìrọ́mọbí wò, wọn ò rí ohun tó so ó mọ́ abẹ́rẹ́ náà. Wọ́n á wá fi kún un pé: "Èmi ti rí obìnrin tí wọ́n yọ ilé-ọmọ rẹ̀. Jẹjẹrẹ ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀." Nàìjíríà nìkan, ní 2020, nǹkan bí obìnrin 12,000 ni àrùn yìí mú, 8,000 sì kú.

Ní January 2024, ìròyìn dé láti Scotland pé wọn ò rí ẹyọ kan ṣoṣo jẹjẹrẹ yìí lára àwọn tó gbà á pé ní ọmọ ọdún 12 tàbí 13. Màmá ní kí á tún ti ẹ̀kọ sọ. A tún un sọ.

Fọ́ọ̀mù tí n kò yẹ̀ wò

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń ṣe ìwádìí ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀ rí gúrúùpù wa, ó bẹ̀ mí kí n bá òun fi Google Form síbẹ̀. Ìwádìí ìlera ni, iṣẹ́ wa sì ni láti ti ìwádìí lẹ́yìn, n kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi í síbẹ̀ lọ́sàn-án, mo padà sídìí fóònù tí mò ń tún ṣe.

Ní alẹ́, obìnrin kan pè mí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ti fi orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sí i, ó ti dáhùn ìbéèrè bóyá òun ti ní àrùn ìbálòpọ̀ rí. Bó ṣe fi í ránṣẹ́ tán ló rí ibi tí wọ́n kọ pé kó tẹ̀ kó lè wo ìdáhùn àwọn yòókù. Ó tẹ̀ ẹ́. Orúkọ àwọn èèyàn tó mọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù náà ti ṣí ètò yẹn sílẹ̀ láìmọ̀.

Mo yọ ọ́ kúrò fún gbogbo èèyàn. WhatsApp ń fàyè ọjọ́ méjì àti wákàtí díẹ̀ gbà fún ìyẹn, a dúpẹ́. Mo pe akẹ́kọ̀ọ́ náà kó ti fọ́ọ̀mù pa kíá. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí léèrè mẹ́ta tí mo kọ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù: Níbo ni ìwé ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn nínú ìwádìí ìlera wà? Ta ló máa rí ìdáhùn? Ẹni tó bá yí ọkàn padà, báwo ló ṣe lè yọ tirẹ̀ kúrò? Wọ́n ní láìsí ìwé àkọ́kọ́ yẹn, ìwádìí lára èèyàn kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà padà wá lẹ́yìn oṣù méjì. Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, fọ́ọ̀mù tuntun ò bèèrè orúkọ. A fi í síta pẹ̀lú voice note tó sọ ohun tó wà fún àti pé kò di dandan. Obìnrin tó pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn ti kúrò ní gúrúùpù.

Ibi tó dé

Voice note 22 ló wà nílẹ̀. Ìkẹtàlélógún ń dúró de Màmá, ohùn wọn há láti ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì ń bínú pé a ò fi ohùn òun sí i rí. Máìkì kékeré yẹn, mo ti tà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan gbé mẹ́mòrì káàdì wá kí n fi orin kún un. Bí mo ṣe ṣí i lórí láptọ́ọ̀pù, mo rí ohùn Màmá nínú fódà, 09. Mo yí i sísàlẹ̀. Ohùn obìnrin October yẹn náà wà níbẹ̀, ẹnìkan ti sọ ọ́ di mp3. Mo gbọ́ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, òun ni, ó ṣì ń gbọ̀n. Fóònù mi kọ́, n kò pa á rẹ́. Mo kàn bi ọmọkùnrin náà pé ṣé ó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ó ní rárá o.

Mo ní èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Mo fi ìka tọ́ka sí 09, mo ní ìyẹn ni mo mọ̀, kó bá mi lọ sílé tó bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo ti kó orin òun tán.